Alẹ́ Tí Mo Ti Orúkọ Arvi Mọ́ta

Arvi, aago méjì òru kù díẹ̀.
Òkun Oulu ti dì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń kọjá lórí rẹ̀.
Mo jókòó sórí àga rẹ, èyí tí apá òsì rẹ̀ ṣì ń mì,
ife kọfí méjì níwájú mi.
Jonna ti lọ sílé; ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná.

Abẹ́ àtẹ ìtẹ̀wé rẹ ni mo ti rí bébà náà,
pélébé, ó ti pọ́n bí eyín arúgbó:
Kuikka, orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ,
àti ọdún tí o rà á.
Òun ni gbogbo wa fi ń wọlé.
Nọ́ọ̀sì fi ń wọlé, awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fi ń wọlé.
Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta péré,
tó ti wà ní Rovaniemi báyìí, tó ń ta bàtà yìnyín,
òun náà ṣì mọ̀ ọ́n lórí.

Aláǹgbá ò sí lọ́dọ̀ wa; òtútù ò jẹ́.
Ṣùgbọ́n ògiri tó bá lanu, ó lanu náà ni.

O mọ ilé tí o kọ́. Tábìlì mọ́kànlélógójì,
ìlà lórí ìlà: ta ló fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ wo,
fìríìjì wo, ọjọ́ wo ni yóò bàjẹ́.
Kọ́kọ́rọ́ ni tábìlì kan fi ń dá èkejì mọ̀,
bí ọmọ ìyá tó pínyà ṣe ń fi àpá iwájú orí mọra.
Inú ilé gún régé.
Ẹnu ọ̀nà nìkan lo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
torí o fọkàn tán wa.

Oníbodè kan ṣoṣo ti dé fún gbogbo ilé ìwòsàn.
Kò mọ ojú. Kò mọ̀ pé a jọ jẹun rí.
Bí o bá kanlẹ̀kùn, á bi ọ́:
ta ni? kí lo wá ṣe? ìṣẹ́jú mélòó?
Á fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ tí ń yọ́ lọ́wọ́ bí yìnyín,
wákàtí kan, ó ti domi.
Á sì kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, orúkọ tìrẹ gan-an.

Lọ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀ sí í so ilé rẹ mọ́ ọn.
Ó kọ̀: ìwé ẹ̀rí ti kọjá ọjọ́.
Ó tún kọ̀: aago sáfà wa fi ìṣẹ́jú méje rẹ̀yìn,
oníbodè ní òun kì í gbàlejò láti ìgbà tó ti kọjá.
Jonna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní, wọlé.

A wá ń ti àwọn orúkọ àtijọ́ mọ́ta, a sì kan tìrẹ.
Ìgbà ìkẹyìn tó wọlé: òru àná,
aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Jonna gbọ́wọ́ kúrò lórí àtẹ.
Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti sin ọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe dúró dè ọ́.

O dé. O ò kanlẹ̀kùn.
O ka ẹ̀jẹ̀ O-négátíìfù, o bá àpò méje,
o kọ̀wé sí Kajaani pé kí wọ́n fi mẹ́wàá ránṣẹ́,
o jáde. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.

Ọdún mẹ́ta tí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Kajaani,
pé aláàánú ni wọ́n, pé wọn kì í gbàgbé wa!

Oníbodè kọ orúkọ òkú, Arvi. Mo gbìyànjú.
Mo fi orúkọ ọkọ̀ rẹ sí i, Kuikka,
fún iṣẹ́ kan, tábìlì kan, ìṣẹ́jú kan lóru.
Ó ní, ta ni yóò dúró fún un?
Mo kọ orúkọ mi.

Lẹ́yìn náà mo ti tìrẹ. Kò tilẹ̀ dún.
Bébà náà wà nínú àpò ẹ̀wù mi.
Kò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́.